Ìdí Là Ń Ṣọ́, Ọwọ́ Ni Àrùn Ń Gbà Wọlé

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì tíì bá àgbàlagbà kan pàdé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò ní ìtàn nílẹ̀ nípa ohun tí ilé ìgbẹ́ lè fi ènìyàn ṣe. Ẹnìkan á ní ooru tó ń ti inú ṣáláńgá jáde ló fọ́ ìyá òun lójú. Òmíràn á ní ibi tí alátọ̀sí ti tọ̀ ni òun náà tọ̀ sí, bí àrùn ṣe wọ òun lára nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nítòsí á sì máa wo òkè àjà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Òkìtìpupa lónìí ń gun orí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tòun ti bàtà, kí ara wọn má baà kan ibi tí ara ẹlòmíràn ti kàn. Ìbẹ̀rù náà ti pẹ́ láàrin wa. Ó bá wa nínú igbó, ó bá wa dé ìdí ṣáláńgá, ó sì bá wa gun orí àwo funfun tí à ń da omi sí. Ohun tí èmi rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìdí la fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣọ́, a fi ọwọ́ sílẹ̀.

Ní ayé àwọn bàbá bàbá wa, kò sí ilé ìgbẹ́. Igbó ni, tàbí ààtàn ẹ̀yìnkùlé fún ọmọdé àti fún arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe igbó kékeré, ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kún un, omi sì ń pọ̀ sí i bí ènìyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìlàjẹ. Ẹni tó bá rìn díẹ̀ sẹ́yìn ilé ti bọ́ sábẹ́ ewé. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á jẹ tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò tíì pọ̀, kò burú tó bí àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ṣe máa ń sọ ọ́. Èyí tó burú níbẹ̀ gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Aràn kékeré kan wà tí ẹyin rẹ̀ ń pa nínú ilẹ̀ tútù tí a bá ṣu sí. Ọmọ rẹ̀ á lu awọ ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, á sì dé inú ìfun, níbi tí yóò ti máa mu ẹ̀jẹ̀ ẹni náà díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ tí ojú wọn funfun, tí kò sí okun nínú wọn, tí wọ́n ń sọ pé ayé ló ń ṣe àwọn, aràn yìí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn.

Síbẹ̀, òfin wà. Odò tí wọ́n tọ́ mi dàgbà létí rẹ̀ ní ibi tí à ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan: òkè odò fún omi mímu, ìsàlẹ̀ fún ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá fún ẹ̀gẹ́ tí à ń rẹ fún púpurú. Ọmọ tó bá lọ fọ aṣọ lókè odò yóò jẹgba, kò sì sí ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìmọ́tótó tó lágbára jù tí Yorùbá ṣe, ti ọwọ́ òsì ni. Òsì ló ń nu ìdí, ọ̀tún ló ń jẹun, ọ̀tún ló ń kí ènìyàn, ọ̀tún ló ń gba owó lọ́jà. Kò sí kóòtù, kò sí owó ìtanràn, síbẹ̀ kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo fi ìwé ẹ̀sùn lé àwọn ènìyàn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí ó ti ṣòro tó láti mú kí òfin kan jinlẹ̀ báyẹn, mo sì ṣí fìlà mi fún ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ibi tí ó ti ń jò ni pé ó fi ọkàn wa balẹ̀ jù lórí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ méjèèjì ló ń so ṣòkòtò. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ró ìró.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ó ti ń jò, kí ó rántí abọ́ ìwẹwọ́. Níbi ìnáwó, nígbà tí wọ́n bá ti gbé púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó kalẹ̀, abọ́ omi kan ni wọ́n máa ń gbé wá fún gbogbo ẹni tó bá yí oúnjẹ náà ká. Bàbá tó dàgbà jù á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fi ra ara wọn, á gbọ̀n ọ́n dànù. Abọ́ á kan ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan ọmọ tó kéré jù. Omi kan náà ni. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọdé, ó ti ki, a kò sì lè sọ pé a kò ní fọwọ́, nítorí ẹni tí kò bá fọwọ́ kò ní jẹun. Ọ̀wọ̀ ló tò wá bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn náà sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: ohun tó bá ti ọwọ́ gbogbo wọn kúrò, ọmọdé ló fi sílẹ̀ fún. Lẹ́yìn oúnjẹ, ife kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bu ògógóró yíká ilé, ẹnu kan tẹ̀ lé ẹnu kan, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù ife.

Ìgbà tí ìbẹ̀rù wa bọ́ sí ojú ibi tó yẹ ni ìgbà olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá pa, a kì í sin ín sínú ilé, a kì í jogún aṣọ rẹ̀, a kì í sùn lórí ẹní rẹ̀. Àwọn àwòrò ló ń gbé òkú lọ sínú igbó, àwọn náà ló ń kó ẹrù rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí lẹ́yìn náà kò ta ko àwọn àgbà: èépá ojú egbò náà ń gbé àrùn, ó sì lè wà lára aṣọ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń kó ẹrù òkú lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní fẹ́ kí òkú dáwọ́ dúró. Dókítà Oguntola Sapara, tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, tó sì ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn lábẹ́ ìjọba ní Èkó, fi ara pamọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ olóde láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń mú èépá lára aláìsàn láti fi tan àrùn náà ká. Ohun tó tú síta ló jẹ́ kí ìjọba fi òfin de bíbọ ṣọ̀pọ̀ná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló parí iṣẹ́ náà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní i ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kò sí i mọ́ níbikíbi. Àpá abẹ́rẹ́ náà wà ní apá mi òsì títí di òní.

Èkó ni wolé-wolé ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin ìlera ìlú tí ìjọba àmúnisìn ṣe ní 1917 ló fún àwọn òṣìṣẹ́ láṣẹ láti wọ inú ọgbà ẹlòmíràn lọ wo bí ó ti rí. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń yọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́nu fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ yọ nínú gbígbógun ti àrùn náà ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Oluwole, tó gboyè ìṣègùn ní Glasgow, tó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ìlera fún ìlú Èkó. Ó tún iṣẹ́ wolé-wolé tò, ó sì mú ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Yábàá lọ́kùn-únkúndùn. Láti ibẹ̀ ni kákí àti ìwé ẹ̀sùn ti tàn dé àwọn ìgbèríko, títí kan Òkìtìpupa tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà fún àwa Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti àwọn Ìjọ́ Àrógbò lábẹ́ ẹkùn Oǹdó.

N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Samuel Layinka Manuwa, ọmọ-ọmọ ọba Ìtẹ̀bú-Manuwa ní ìsàlẹ̀ wa níbí, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1903, ló di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè àgbà àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Bìrìtéènì, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe olórí iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó ṣe ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tí wọ́n fi ń gé egbò ẹsẹ̀, irú egbò tí àgbẹ̀ ń gbé kiri lọ́dún mẹ́wàá. Ilé-ìwé gíràmà kan wà ní Ìjù-Odò tó ń jẹ́ orúkọ Manuwa. Àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ tó mọ ìtàn ọ̀bẹ náà kò pọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nǹkan bí ìparí ọdún 1950 sí 1960, ìròyìn pé wolé-wolé ń bọ̀ máa ń sáré ju kẹ̀kẹ́ wolé-wolé fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá á da omi inú àmù nù, ìbáà jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n, nítorí pé bí wolé-wolé bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú àmù tó rí tanwíji, ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù ìbílẹ̀ nìyẹn. Àwa ọmọ á gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lẹ́yìn àmù, ẹ̀yìnkùlé ló kàn. Á wo ṣáláńgá: ṣé ó jìn tó, ṣé ó jìnnà sí kànga, ṣé ìdérí rẹ̀ dé e dáadáa kí eṣinṣin má baà wọ̀ ọ́, ṣé wọ́n ń da eérú sí i. Á kọ nǹkan sínú ìwé. A kò mọ ohun tó ń kọ, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bani jù.

Àṣírí tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé ló gbẹ́ ṣáláńgá, tí kò sì sí ẹni tó ń lò ó. Bàbá kan ní àdúgbò wa gbẹ́ tirẹ̀ dáadáa, ó fi pákó irókò tẹ́ ẹ, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sí i. Wolé-wolé nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún. Ó mọ́ tónítóní, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ṣu síbẹ̀ rí. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ bàbá náà, á ní, “Ti ìjọba nìyẹn. Èmi ń lọ sí tèmi.” Tirẹ̀ ni igbó ẹ̀yìn ọgbà kòkó. Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju pé òórùn ṣáláńgá ń bà á lẹ́rù, igbó sì ní atẹ́gùn. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa, níbi tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, àwọn ènìyàn tún ní ẹ̀rí sí i: òjò á kún inú ihò náà, ògiri rẹ̀ á ya, ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ á sì léfòó wá sí ojúlé. Ní Èkó, wọ́n ní agbépòó tó ń gbé garawa ìgbẹ́ lórí lóru. Àwa kò ní in, a kò sì fẹ́ ẹ. Àwọn ará wa tó ti Èkó bọ̀ ló ń sọ ìtàn wọn fún wa, tí a fi ń rẹ́rìn-ín.

Owó ìtanràn ni kò pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìhà Ìbàdàn dìde ní 1968 àti 1969 nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, owó-orí ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú ohun tó dùn wọ́n, wolé-wolé náà kò sì gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú láti kọ, nítorí iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ òótọ́ ni pé a sọ ìmọ́tótó di ọ̀rọ̀ láàrin ọlọ́pàá àti ọ̀daràn.

Oṣù kejìlá ọdún 1970 ni onígbáméjì wọ Nàìjíríà láti Èkó, àjàkálẹ̀ tó ti ń bọ̀ láti Éṣíà kó tó dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yóò máa bì, yóò máa ṣu omi bí omi ìfọ̀rẹsì, kò sì ní rí ọjọ́ kejì. Gbogbo ìlú sá fún ṣáláńgá ẹni tó bá ṣe, wọ́n ń da Izal sí i títí òórùn rẹ̀ fi gba àdúgbò kan. Wọn kò sá fún kọ́ọ̀pù inú ìkòkò omi ilé náà, kọ́ọ̀pù tí gbogbo ẹni tó ń wá kí aláìsàn ń ti ọwọ́ bọ inú omi láti bù mu. Inú omi yẹn ni onígbáméjì wà.

Ọ̀ràn onígbáméjì ló mú mi wọ iṣẹ́ wolé-wolé, mo sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwòrán kan tó ń tọ̀ mí lẹ́yìn títí di òní. Àwọn ọkùnrin méjì, Wagner àti Lanoix, ló yà á sínú ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé tẹ̀ ní 1958 lórí bí a ṣe ń palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́ ní ìgbèríko. Ìgbẹ́ wà ní apá kan, ènìyàn wà ní apá kejì, ọfà sì ń lọ láàrin wọn: ọ̀kan gba inú omi, ọ̀kan gba ara eṣinṣin, ọ̀kan gba inú ilẹ̀, ọ̀kan gba ọwọ́. Mo wo àwòrán náà, mo sì wo ìwé tí wọ́n ní kí a máa fi bẹ ilé wò. Àyè wà fún omi nínú rẹ̀, àyè wà fún eṣinṣin àti fún ṣáláńgá. Kò sí àyè kankan fún ọwọ́. Kò sí ìwé ẹ̀sùn tí èmi lè kọ fún ẹni tó ti inú igbó dé tí kò fọwọ́ kó tó po púpurú.

Olùkọ́ wa kan fẹ́ràn láti sọ ìtàn Ignaz Semmelweis, dókítà kan ní Vienna ní 1847. Ó rí i pé àwọn aboyún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gbẹ̀bí fún ń kú ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ti ibi òkú tí wọ́n ń là wò bọ̀, wọ́n á sì bọ́ sí ìdí aboyún. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oníkiloríìnì fọwọ́. Ikú dínkù kíákíá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bínú, nítorí pé ta ni yóò sọ fún dókítà gidi pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ènìyàn? Ìtàn yìí máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Mo tún rántí rẹ̀ nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ ní Òkìtìpupa tí mo rí bí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń fọwọ́ sínú bàsíà kan náà láti àárọ̀ títí ọ̀sán, aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo sì wà fún gbogbo wa lórí ìṣó.

Ìmọ́tótó oṣooṣù tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ní 1984 kò yí èyí padà. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kò sí ìrìn títí di aago mẹ́wàá, a ń gbá gọ́tà. Gọ́tà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọjá lórí ìyẹn.

Láàrin ọdún wọ̀nyẹn ni àwo funfun dé sí ilé àwọn ènìyàn, ó sì dé sí àwọn ilé-ìwé, ọjà àti gáréèjì. Ìbẹ̀rù ti pọ̀ nílẹ̀, ó kàn ṣí ibùsọ̀ ni. Nínú ọkọ̀ èrò tó ń ti Òrè bọ̀, àwọn alágbo ń ta oògùn tí wọ́n ní ó ń wo àrùn tí obìnrin ń kó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin pé kí wọ́n má jókòó. Ọmọ tó bá sì dúró lórí ìjókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, á tọ̀ sí gbogbo ìjókòó náà àti sí ilẹ̀, ẹni tó bá sì wọlé tẹ̀ lé e á ní òun gan-an rí ìdí tí kò fi yẹ kí òun jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ṣe ń bí ìbẹ̀rù, tí ìbẹ̀rù náà sì ń bí ìdọ̀tí.

Awọ ìdí wa nípọn, kò sì ní ihò tí àrùn ń gbà wọlé bí kò bá ní egbò. Kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ láàyè lórí ike gbígbẹ. Ibi tí wọ́n ti ń kó o ni gbogbo wa mọ̀, tí a kò fẹ́ sọ. Omi inú àwo tó ń ta síni lára ní tirẹ̀ lóòótọ́: Charles Gerba ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1975 pé bí a bá da omi sí àwo náà, omi tó ń ta sókè ń gbé kòkòrò lọ kan àwọn nǹkan tó wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a dé e kí a tó da omi. Ṣùgbọ́n láàrin ìjókòó àti ìkọ́ ilẹ̀kùn, ìkọ́ ilẹ̀kùn ni èmi ń bẹ̀rù. Ọwọ́ bútà ni mo ń bẹ̀rù, èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìdí tán fi ọwọ́ kan náà gbé. Ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣí, tí a tún fi ọwọ́ mímọ́ tì. Ìdí kò kan ibẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ọdún 2014, Ebola. Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó ní oṣù keje, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a dúró, dókítà náà sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ló ní in ní Nàìjíríà, 8 kú, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán. Ní àkókò náà, fóònù dún lóru ọjọ́ kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn aládùúgbò mi wẹ̀ ẹ́. Ní ọjà, àwọn obìnrin ń fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí wọ́n tó gba owó, wọ́n sì ń fi eyín fa ọ̀rá náà ya.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí kú. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á sì kú kí wákàtí 24 tó pé. Ó kéré tán, 18 kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n fóònù mi kò sinmi. Gbogbo ẹni tó pè mí ló ń béèrè ohun kan náà: ṣé kí àwọn má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́? Ṣé ó wà lára owó? Àwọn kan kò gba ẹni tó bá ti Ìrèlè wá láyè láti wọ ilé àwọn, awakọ̀ ń fi èrò Ìrèlè sílẹ̀ ní gáréèjì. Ní ìlú náà fúnra rẹ̀, àwọn kan ní òrìṣà Malòkun ni, pé àwọn ọ̀dọ́ kan fọ́ ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ní kì í ṣe Ebola, kì í ṣe kòkòrò kankan. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí oògùn apako. Níkẹyìn, methanol ni wọ́n rí, nínú ògógóró tí àwọn òkú náà mu.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ògógóró kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Láti ara ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú igbó wa látìgbà tí ìjọba òyìnbó ti ń fi ọlọ́pàá lé àwọn tó ń pọn ọ́n, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di akọ̀wé àti dókítà. Methanol jọ ọtí gidi lójú àti ní òórùn. Bí ó bá wọ inú ènìyàn, ara á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú, tó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kì í ràn láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ife kan náà tó ń yíká láti ìgbà bàbá wa, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù, ló gbé e wọlé. Nígbà tí gbogbo ẹkùn ń sá fún ọwọ́ ilẹ̀kùn Ìrèlè, àwọn mìíràn ṣì ń mu. Láàrin oṣù mélòó kan, irú ikú bẹ́ẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí wọ́n má ta ògógóró mọ́. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ bí àṣẹ yẹn ṣe pẹ́ tó.

Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ara wa ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń fi Jik nu páálí, wọ́n ń fọ ike omi. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá bi mí bóyá ògógóró lè rọ́pò sánítáísà. Mo ní rárá: kí ó tó ṣiṣẹ́, ọtí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú 100 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ògógóró kò dé ibẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn kòkòrò inú rírun kan wà tí ọtí kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa, tí ọṣẹ àti omi ń fọ̀ dànù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà sọ pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ibi tí kòrónà wà, ewu pé yóò kó o kò tó ọ̀kan nínú 10,000. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Gbogbo Jik tí a fi nu páálí, kò ṣe é léṣe tó bí a ti rò.

Ohun kan wà tí kòrónà ṣe, tí èmi pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀sùn mi kò lè ṣe. Ó pa abọ́ ìwẹwọ́. Garawa tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí, tí ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú báǹkì àti àgọ́ ìnáwó. Omi tó ń ṣàn ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń fọwọ́, ọmọdé sì ń rí omi tí bàbá bàbá rẹ̀ kò tíì fọwọ́ bọ̀. Ọ̀pọ̀ garawa náà ti fọ́ báyìí, àwọn kan ti di ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú gààrí. Síbẹ̀, níbi ìnáwó tí mo lọ ní Ìlú-Títun láìpẹ́ yìí, garawa ni wọ́n gbé síta, kò sì sí ẹni tó bínú pé wọn kò gbé abọ́ wá fún òun jókòó. Mo wò ó dáadáa. Àwọn arúgbó ló ń dìde lọ síbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àṣẹ pé kí ṣíṣu síta gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá di 2025. Ọdún náà ti dé, ó ti kọjá, igbó ẹ̀yìn gáréèjì wa ṣì wà níbi tó wà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olówó kan wà nítòsí rẹ̀ tí mo máa ń yà sí bí mo bá ń lọ sí ìrìn àjò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, á já tíṣù fún ẹni tó bá san. Ó ń fi Izal fọ ilẹ̀ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ mọ́. Mo bi í níbo ni ọṣẹ wà.

“Bàbá, bí mo bá gbé ọṣẹ síbẹ̀, wọ́n á gbé e wọ mọ́tò.”

Mo ní kí ó lu ihò sí i láàrin, kí ó fi okùn so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí ó sì fi ìkọ́ tí a lè fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí rọ́pò èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní ti okùn kò ṣòro, òun á ṣe é. Ìkọ́ ilẹ̀kùn ni kò yé e. “Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ilẹ̀kùn mọ́, Bàbá. Wọn kì í jókòó sí i.”